Ìkíni Tí Mo Gé Lójú Ọ̀nà Ṣakí

Islamiyat, ìyá ọmọ, o kú ewu o. Abdulmojeed, bàbá ọmọ, o kú oríire. Ilé ńkọ́? Ọmọ ńkọ́, ṣé ó ń mu ọmú dáadáa? Àwọn òbí yín ńkọ́? Ẹ kú ìtọ́jú àlejò o. Ẹ jẹ́ kí n kí yín tẹ́rùn ná, torí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, ìkíni ló dá a sílẹ̀. Lánàá tí ẹ pè mí pé Olúbùsọ́lá, orúkọ tèmi, ni ọmọ yóò máa jẹ́ lẹ́yìn èyí tí Alùfáà bá sọ ọ́ ní Sátidé, mo jó yí ilé ká l'Ákóbọ̀. Nígbà tí mo jókòó ti oúnjẹ, mo tún dá a padà sínú ìkòkò. Ẹ ní torí pé èmi ni alárinà yín ni. Ẹ gbà mí o! Òótọ́ ọ̀rọ̀ kò gbọdọ̀ pẹ́ ju Sátidé lọ nínú mi. Alárinà kọ́ ni mí. Èmi gan-an ni mo dí ọ̀nà.

Ẹlòmíràn lè ṣí ìwé yìí lọ́jọ́ iwájú, nítorí náà màá ṣàlàyé. Awò ojú ni ilé iṣẹ́ wa ń ṣe. Abdulmojeed ń yẹ ojú àwọn èèyàn wò ní Ṣakí, ó ń kọ ìwọ̀n rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà; Islamiyat ń gé awò náà níbí, ní Ring Road. Ohun tí Ṣakí bá kọ gbọ́dọ̀ wọ inú kọ̀ǹpútà tiwa, tiwa náà gbọ́dọ̀ wọ tiwọn, kí ìwé méjèèjì lè máa sọ ohun kan náà. Iṣẹ́ mi nìyẹn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè mí ní Ìyá Kọ̀ǹpútà. Àmọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì Ṣakí ń wọ́ bí ìgbín. Ohun tí wọ́n bá kọ ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, ìrọ̀lẹ́ ló ń dé, ọkọ̀ Ṣakí tó ń bá wa gbé awò lọ á sì ti gbéra ní Sángo. Àwọn arúgbó ń dúró de awò fún ọ̀sẹ̀ méjì, mẹ́ta. Dókítà Akíndúró, ọ̀gá wa, bi mí pé, "Ìyá Kọ̀ǹpútà, ṣé ẹsẹ̀ ni ìwé yìí fi ń rìn wá ni?"

Mo kọ́kọ́ ṣe ohun tó tọ́, Ọlọ́run ń gbọ́ mi. A ò fi gbogbo ìwé ránṣẹ́ mọ́, kìkì ohun tó bá yí padà lọ́jọ́ náà ni. Mo tún fún un pọ̀ kó lè kéré. Ó yá díẹ̀, kò yá tó. Ni mo bá tú ẹrù náà wò, kí n lè mọ ohun tó wúwo níbẹ̀. Ìwọ̀n ojú, ìlà méjì. Lábẹ́ rẹ̀, níbi tí a kọ "ọ̀rọ̀ mìíràn" sí, ìlà mẹ́rìnlá! "Ẹ kú iṣẹ́ o, ará Ring Road. Ẹ kú ooru, ẹ kú àìsí iná. Màmá tó ni awò yìí ní kí n kí yín, wọ́n ní ojú ò ní fọ́ yín láé. Ṣé eyín tó ń dùn yín lọ́jọ́sí ti fi yín sílẹ̀?" Islamiyat náà ò gbẹ́yìn: "Eyín ti lọ o, a dúpẹ́. Màmá yín ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti ń gbé wọn?" Lórí awò kọ̀ọ̀kan, lójoojúmọ́! Mo ní háà, ìkíni la ti ń rù láti ọjọ́ yìí! Mo kọ ètò kékeré kan tí yóò máa gé gbogbo ohun tó bá wà lábẹ́ "ọ̀rọ̀ mìíràn" kúrò kí ẹrù tó gbéra, yóò sì kó o pamọ́ síbì kan lórí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti kọ ọ́, ibi tí èmi nìkan lè ṣí láti orí tèmi. Mo sọ ibẹ̀ ní Pàntí. Ẹ gbọ́ orúkọ tí mo sọ àdúrà àwọn ìyá arúgbó. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Iṣẹ́ wá ń fò! Wọ́n á kọ ọ́ ní Ṣakí, mi ò tíì mu tíì mi tán tó fi dé. Arúgbó ń rí awò gbà láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Dókítà mú mi lọ sípàdé ní Bódìjà, wọ́n fún mi ní àmì ẹ̀yẹ, wọ́n ní kí n sọ bí mo ṣe ṣe é. Mo da Gẹ̀ẹ́sì bò wọ́n, wọ́n pàtẹ́wọ́. Kò pé oṣù kan, Islamiyat wá dúró ti tábìlì mi. "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo ṣẹ Abdulmojeed Ṣakí ni? Kò kí mi mọ́." Mo ní, "Bóyá iṣẹ́ ló wọ̀ ọ́ lọ́rùn, ọmọ mi." Ẹnu mi yìí náà ló sọ bẹ́ẹ̀. Fóònù wà lọ́wọ́ gbogbo yín, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ò ní máa wá nọ́ńbà ọkùnrin tí kò rí rí kiri.

Ibi tó burú jù la dé yìí. Lọ́jọ́ kan mo ṣí Pàntí kí n lè dín in kù, ojú mi bọ́ sí èyí: "Islamiyat, n kò rí yín rí, ṣùgbọ́n bí ẹ ṣe máa ń béèrè orúnkún màmá mi tẹ́lẹ̀ ti jẹ́ kí n mọ irú ẹni tí ẹ jẹ́. Nọ́ńbà mi nìyí. Tí ẹ bá lè fún mi láyè, ẹ pè mí. Bí mi ò bá gbọ́ títí oṣù yóò fi parí, á jẹ́ pé ẹ kọ̀, mi ò sì ní yọ yín lẹ́nu mọ́." Inú mi dùn dé ibi pé mo pariwo, mo sì fọwọ́ bo ẹnu. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù kí oṣù parí. Tí mo bá mú un tọ Islamiyat lọ, á bi mí pé níbo ni mo ti rí i. Àmì ẹ̀yẹ wà lára ògiri lókè orí mi. Mo pa Pàntí dé. Èmi, tí mò ń wọ sùtánà funfun, tí mò ń ké hàlelúyà kí ilé ìjọsìn fẹ́ẹ̀ wó! Fún ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mò ń gba ẹ̀yìn àga rẹ̀ kọjá, tí mò ń kí i pé, "Islamiyat, o kú iṣẹ́ o."

Oṣù parí. Ní Ọjọ́bọ̀ kan, Dókítà ka lẹ́tà kan sí wa létí: Abdulmojeed ń fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó ń lọ sí Ìlọrin, ọ̀la sì ni yóò ṣe é mọ. Islamiyat rọra gbé awò ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Mo gbọ́ ẹkún rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì omi. Mi ò tilẹ̀ jókòó. Ìdúró ni mo fi pa ètò náà, mo ṣí Pàntí, mo sì tú gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ sójú ọ̀nà, ti ibí sí Ṣakí, ti Ṣakí síbí. Oṣù méje ìkíni!

Dókítà pariwo pé, "Ìyá Kọ̀ǹpútà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti kú!" Mo ní, "Kò kú sà, ẹrù ló gbé." Nígbà tó di ọ̀sán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ẹ kú ooru, nínú ọyẹ́! Ẹ kú ọdún Iléyá, nígbà tí Kérésì kù fẹ́ẹ́rẹ́! Ẹ kú ewu ọmọ, fún ọmọ akọ̀wé wa tó ti ń rá kiri ilé! Gbogbo ọ́fíìsì ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń kà á fún ara wọn. Ìgbà náà ni Islamiyat ké, ó fa fóònù yọ. "Ẹ ń lẹ́ o. Islamiyat ni... ti Ring Road. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ sí Ìlọrin." Kò tíì pẹ́ tó fi ń rẹ́rìn-ín tòun tomijé; Abdulmojeed ò lọ sí Ìlọrin mọ́. Dókítà ní, "Nẹ́tíwọ́ọ̀kì burúkú, ó há ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ mọ́nú!" Gbogbo ilé gbà bẹ́ẹ̀. Èmi náà ké pé, "Nẹ́tíwọ́ọ̀kì burúkú!" Ohùn tèmi ló ròkè jù. Lọ́jọ́ tí wọ́n so yìgì yín, ẹ ní èmi ni mo tún ọ̀nà ṣe, ẹ fún mi lẹ́ran alárinà. Mo jẹ ẹ́, mo tún ní kí wọ́n dì díẹ̀ fún mi lọ sílé.

Láàárọ̀ yìí mo já àmì ẹ̀yẹ náà lára ògiri, mo gbé e tọ Dókítà lọ, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi nu ojú. Lẹ́yìn náà ló wá ní, "Èmi kọ́ lẹ ṣẹ̀. Ẹ lọ bá àwọn tó lẹjọ́." Ẹ̀yin ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà l'Ágbówó, bí ìwé yìí bá bọ́ sí yín lọ́wọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dín ohun gbogbo kù bó bá ṣe wù yín, ṣùgbọ́n kí ẹ tó sọ ọ̀rọ̀ ẹnìkan ní pàntí, ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó kọ ọ́.

Islamiyat, Abdulmojeed, ẹ dárí jì mí. Abẹ́ "ọ̀rọ̀ mìíràn" ni mo kọ èyí sí, lórí awò màmá kan tó ti ṣetán. Ó gùn, yóò pẹ́ lọ́nà. Kó máa wọ́ bọ̀. Ẹ má pè mí lórí fóònù. Ibẹ̀ náà ni kí ẹ kọ èsì yín sí. Bí mi ò bá gbọ́ títí Jímọ̀ yóò fi parí, á jẹ́ pé ẹ kọ̀. Kí ẹ fún ọmọ lórúkọ mìíràn, màá ṣì gbé ọṣẹ àti ìpara rẹ̀ wá, màá sì jó. Mo ti jókòó síwájú kọ̀ǹpútà. Bí èsì ò bá sì dé, mi ò ní sọ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni.