Òkè Òkun Inú Yàrá Yìnyín

"Màmá, ẹ fi aṣọ tí ẹ ń rán sílẹ̀, kí ẹ gbọ́ mi. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ti gbé mì láti ọjọ́ pípẹ́. Bí mi ò bá pọ̀ ọ́ jáde lónìí, yóò ba ọ̀nà Kékeré jẹ́, èmi náà ò sì ní sinmi títí n ó fi kú."

Bí ọkùnrin náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, nínú pálọ̀ ìyá rẹ̀, lọ́sàn-án gangan, pẹ̀lú àpò pẹlẹbẹ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó lọ pàdé rẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú. Kò tilẹ̀ sẹ́ni tó mọ̀ pé ó ń bọ̀. Wọ́n kàn gbọ́ tí ilẹ̀kùn ń dún ni, ìyá rẹ̀ aránṣọ sì gbójú sókè láti ìdí ẹ̀rọ rẹ̀, ó rí ọmọ tí kò rí fún ọdún mẹ́fà àfi lójú fóònù. Ó ti dì mọ́ ọn, ó ti sunkún, ó ti rẹ́rìn-ín. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tí wọ́n ṣì ń pè ní Kékeré bó tilẹ̀ ti ga ju ìyá wọn lọ, ti jáde lọ wo iwájú ilé bóyá awakọ̀ ṣì ń já ẹrù.

"Bọ̀ọ̀dá mi, àwọn àpótí yín dà?"

"Kò sí àpótí. Òkè òkun kọ́ ni mo ti ń bọ̀. Mi ò dé òkè òkun rí."

Ìyá rẹ̀ gbé ọwọ́ kúrò lórí aṣọ. Kékeré jókòó sórí apá àga. Ọkùnrin náà rí i pé bí òun bá dúró pẹ́nrẹ́n, ẹnu òun á tún pa dé. Ló bá ń rò.

Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà kò ní àbùkù. Orí rẹ̀ pé sí ìṣirò nílé ìwé, ẹ̀rọ tó bá sì ti bàjẹ́ ní àdúgbò, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n máa ń gbé e wá. Ó fẹ́ lọ kọ́ nípa ẹ̀rọ ní yunifásítì lókè òkun. Ó ṣe ìdánwò èdè, ó yege. Ó kọ ìdí tó fi fẹ́ kàwé náà, olùkọ́ rẹ̀ sì kà á, ó fà á lé e lọ́wọ́ padà, ó ní, "Ìwọ kọ́ lo ń sọ̀rọ̀ níbí yìí, ìwé ìròyìn ni. Lọ kọ bí o ṣe tún ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá rẹ ṣe." Ó lọ kọ ọ́. Yunifásítì náà gbà á.

Ọjọ́ tí ìròyìn yẹn dé, ìyá rẹ̀ jó láti ìdí ẹ̀rọ dé ìta. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àdúgbò ti sọ ọ́ ní Ọ̀jọ̀gbọ́n. Bàbá onígbàjámọ̀ tó wà ní ìkángun ojú pópó ní òun ò ní í jẹ́ kí ẹlòmíràn gé irun Ọ̀jọ̀gbọ́n mọ́, kí ọmọ náà má lọ fi orí wúruwùru dójú tì wọ́n lájò. Ìyá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rán kóòtù, ó fi aṣọ onírun tẹ́ inú rẹ̀, ó tún fi òmíràn lé e. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ ní ó ti ń wúwo jù, ó ní, "Òtútù tí mi ò rí rí ni mò ń ránṣọ fún. Jẹ́ kó ki."

Físà ló kù. Gbogbo ènìyàn ló sì ń sọ̀rọ̀ físà náà bí ẹni pé ó ti wà nílẹ̀, pé kó kàn lọ gbà á wálé ni.

Obìnrin tó jókòó lẹ́yìn gíláàsì ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gba físà kò kanra mọ́ ọn. Ó bi í léèrè ohun tó fẹ́ kà, ẹni tó máa gbọ́ bùkátà rẹ̀, ohun tó máa ṣe bó bá kàwé tán. Ọmọkùnrin náà dáhùn. Obìnrin náà tẹ nǹkan díẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, ó ní, "A ò lè fún ẹ ní físà lọ́tẹ̀ yìí. O lè tún padà wá béèrè."

"Màmá, ẹ gbọ́ mi dáadáa," ni ọkùnrin náà wí. "Títí dé ibẹ̀ yẹn, mi ò tíì ṣẹ ẹnikẹ́ni. Wọ́n kọ̀ fún àwọn tó wà níwájú mi, wọ́n kọ̀ fún àwọn tó wà lẹ́yìn mi. Ìgbà tí mo jáde síta ni mo bà á jẹ́."

Ìdí ni pé kò tíì rìn jìnnà sí géètì tí fóònù rẹ̀ fi dún. Ìyá rẹ̀ ni. "Ṣé wọ́n ti fún ẹ?" Lẹ́yìn ohùn rẹ̀, ọmọkùnrin náà ń gbọ́ àwọn aládùúgbò tí wọ́n ń pa ara wọn lẹ́nu mọ́ kí wọ́n lè gbọ́ èsì. Ó la ẹnu láti sọ òótọ́. Ohun tó jáde ni, "Wọ́n ti fún mi." Ni ilé bá hó. Ó dúró lójú ọ̀nà, ó ń tẹ́tí sí ayọ̀ tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, kò sì rí ọ̀nà tó lè gbà gbà á padà lọ́wọ́ wọn.

Irọ́ kì í dá rìn. Èyí tó tẹ̀lé e ni pé wọn kì í jẹ́ kí ẹni tó wá sinni wọ pápákọ̀ òfurufú mọ́, nítorí náà kí wọ́n dágbére fún òun nílé. Wọ́n gbàdúrà fún un, wọ́n gbá a mọ́ra lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wọ ọkọ̀ lọ síbi tí bàlúù ń gbà gbéra, ó gba ẹnu ọ̀nà kejì jáde, ó sì wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ìlú ńlá kan tó ní èbúté, níbi tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n.

Ilé ìtajà ẹja dídì ló ti rí iṣẹ́. Obìnrin sìgbọnlẹ̀ kan tí gbogbo èbúté ń pè ní Ìyá Oníyìnyín ló ni ín. Ó wo kóòtù tí ọmọkùnrin náà gbé kọ́ apá, ó fọwọ́ kan inú rẹ̀, ó ní, "Ta ló rán èyí? Ó dà bí ẹni pé èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Àwọn tó ń bá mi ru páálí kì í pẹ́ sá nítorí òtútù. Ìwọ ò ní rí àwáwí wí."

Bí kóòtù òkè òkun ṣe di kóòtù yàrá yìnyín tí wọ́n ń kó ẹja sí nìyẹn. Ibẹ̀ náà ló sì ti ń pe ilé. Á gbé fóònù sórí páálí ẹja, á fa fìlà kóòtù borí, èéfín á máa jáde lẹ́nu rẹ̀ bó ti ń sọ̀rọ̀. Ìyá rẹ̀ á pe àwọn oníbàárà rẹ̀ pé kí wọ́n wá wò ó. "Ẹ wo èéfín lẹ́nu ọmọ mi. Òtútù yìí mà le o." Lọ́jọ́ kan tí Kékeré ní òun fẹ́ rí bí yìnyín ṣe ń já, ó ha èyí tó lẹ̀ mọ́ ògiri sínú abọ́, ó sì ní kí ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ máa wọ́n ọn lé òun lórí díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ mìíràn tó pè láti ẹ̀yìnkùlé, àkùkọ kọ. Kékeré ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ṣé adìyẹ wà lọ́hùn-ún ni?" Ó ní adìyẹ òyìnbó ni.

Nígbà tó sọ èyí, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Kékeré, ó sì yára fi ọwọ́ bò ó. Ìyá wọn kò rẹ́rìn-ín.

"Mo fẹ́ tún béèrè físà náà," ọkùnrin náà ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Ọdún kìíní, mo fẹ́ bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń mú yàrá náà tutù bàjẹ́, mo bá oníṣẹ́ tó wá tún un ṣe jókòó tì í, mo ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ó ní kí n wá kọ́ ọ lọ́dọ̀ òun. Mo kọ́ ọ, ó sì wọ̀ mí lára. Ní báyìí, èmi ni mò ń tọ́jú gbogbo ẹ̀rọ amúǹkantutù èbúté yẹn. Ohun tó ń tì mí lójú jù lọ nìyí, Màmá. Ara mi balẹ̀ níbẹ̀. Ọkàn mi ò sí lókè òkun mọ́. Irọ́ nìkan ló kù tí mi ò lè gbé kalẹ̀."

Ìyá Oníyìnyín mọ̀. Ó máa ń sọ fún un bó ti ń ti ilẹ̀kùn yàrá náà pé, "Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a." Ọmọkùnrin náà á fi ṣe àwàdà, á ní kí òtítọ́ rọra máa bọ̀, ẹsẹ̀ ń dùn ún. Nígbà tó yẹ kó ti gba ìwé ẹ̀rí, ó sọ fún ilé pé òun ti bẹ̀rẹ̀ oyè kejì.

Ó wo ìyá rẹ̀ lójú.

"Ibi tó burú jù ni mo dé yìí. Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀, ẹ ò kàn mọ̀ ni."

Ojú ìyá wọn ló ti ń ṣókùnkùn, débi tí kò lè fi òwú sójú abẹ́rẹ́ mọ́. Wọ́n ní kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ojú kan fún iṣẹ́ abẹ. Kékeré pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti sọ fún un, ó dárúkọ ìlú náà. Ìlú èbúté yẹn gan-an ni. Kò ju ìrìn díẹ̀ lọ láti yàrá yìnyín dé ilé ìwòsàn ọ̀hún. Ó lè jẹ́wọ́ lọ́jọ́ yẹn. Ó sọ pé òun á máa gbàdúrà.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n dé, kò lè jókòó síbi iṣẹ́. Ó fi ìbomú bo ẹnu, ó fa fìlà balẹ̀, ó lọ. Kékeré wà lórí ìlà níbi tí wọ́n ti ń gba káàdì. Ìyá wọn dúró nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn, ó ń fi ọwọ́ wá ibi tó lè dì mú. Àwọn ènìyàn ń kọjá lára rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ súnmọ́ ọn, ó mú un lọ́wọ́.

"Ta nìyẹn?" ni ìyá náà wí.

Bó bá sọ̀rọ̀, ìyá náà á mọ ohùn rẹ̀. Ó tẹ ọwọ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Ṣé o ò lè sọ̀rọ̀ ni?"

Ó tún tẹ̀ ẹ́.

"Áà, pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ọlọ́run á là ẹ́ lóhùn." Wọ́n ń gun àtẹ̀gùn náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. "Èmi náà ní ọmọkùnrin kan. Ó wà lókè òkun. Ká ní ó wà níbí ni, òun ni ì bá mú mi lọ́wọ́ báyìí."

Ó mú un jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó sì yísẹ̀ padà. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó wọ kóòtù, ó pè láti inú yàrá yìnyín, ó béèrè bí iṣẹ́ abẹ ṣe lọ. Ìyá rẹ̀ ní ó lọ dáadáa, odi kan sì ran òun lọ́wọ́, ọwọ́ rẹ̀ tutù bí omi òjò. Ó fi ẹnu ara rẹ̀ bá ìyá rẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ odi náà.

"Mi ò ní àwáwí," ni ọkùnrin náà wí nínú pálọ̀. "Irọ́ físà, ìbẹ̀rù ló fà á. Ti àtẹ̀gùn yẹn, ìwà ìkà ni. Èmi ìbá ṣì máa bá a lọ ni, ká ní Kékeré ò pè mí lánàá."

Kékeré náà ló ń wá ilé ìwé lókè òkun báyìí. Fọ́ọ̀mù rẹ̀ ń béèrè bóyá ó ní ìbátan ní orílẹ̀-èdè tó ń lọ, àti ibi tí ẹni náà ń gbé. Inú rẹ̀ dùn nígbà tó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kó sọ àdírẹ́sì rẹ̀. Bó bá kọ ọ́, tí wọ́n wádìí, tí wọn ò rí i, Kékeré ni wọ́n máa pè ní òpùrọ́. Wọ́n lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn pátápátá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọ bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ tó rí.

Ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu rẹ̀. Ó kúnlẹ̀.

Ìyá wọn mú un lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ìwọ ni odi yẹn?"

"Èmi ni, Màmá."

"Mi ò tíì ṣíwọ́ gbígbàdúrà fún odi yẹn. Àràárọ̀ ni mò ń bẹ Ọlọ́run pé kó là á lóhùn." Ó fi etí aṣọ tó ń rán nu ojú. "Ó dáa. Ó ti là á."

Ẹkún ni Kékeré fẹ́ sun, ẹ̀rín ló ṣáájú. Ṣùgbọ́n ìyá náà gbé ọwọ́ sókè. "Ẹ má rò pé kò dùn mí. Ó dùn mí wọnú egungun. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ń wo ọmọ mi nínú páálí ẹja. Bi ara rẹ léèrè, ìwọ ọmọ yìí. Ṣé físà ni mo bí ni, àbí ìwọ?"

Ìyá náà fà á lápá.

"Dìde. Ẹnu tí o fi sọ fún àdúgbò pé wọ́n fún ẹ náà ni wàá fi sọ fún wọn pé wọn ò fún ẹ. Bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀."

Ó lọ láti ilé dé ilé. Àwọn kan bínú, obìnrin kan sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú. Bàbá onígbàjámọ̀ gbọ́ ọ títí, ó mi orí, ó ní, "Gbogbo ìkíni tí mò ń gbà láti òkè òkun, tí mo fi ń yangàn fún àwọn oníbàárà mi, ṣé ẹja ló ń kí mi?" Lẹ́yìn náà ó ní kó jókòó, ó gé irun rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Yìnyín ni wọ́n ń pè é, ó sì ń jẹ́ ẹ. Ó ń wá sílé ní gbogbo ìparí oṣù. Ó ń sùn fọnfọn.

Òun ló jókòó ti Kékeré nígbà tó ń parí fọ́ọ̀mù rẹ̀. Níbi tí wọ́n ti béèrè ìbátan, ó ní kó kọ pé kò sí. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò tí wọ́n ń wá ilé ìwé lókè òkun náà bẹ̀rẹ̀ sí í wá bá a, nítorí ó mọ ìwé tí wọ́n máa béèrè. Ohun tó máa ń sọ fún wọn kẹ́yìn kì í yàtọ̀. "Ẹ̀yin ọmọ, ẹni tí wọ́n kọ̀ fún kò ṣẹ̀. Ẹ wá gbogbo ohun tí ẹ bá lè wá, ṣùgbọ́n ẹ má fi irọ́ kankan ránṣẹ́ sílé. Àwọn tó wà nílé lágbára ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹ dárí jì mí pé mo pẹ́ kí n tó mọ̀."

Ìgbà kejì tí Kékeré béèrè ni wọ́n tó fún un, ó sì ti lọ báyìí. Ṣùgbọ́n ìgbà àkọ́kọ́ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fẹ́ràn láti máa rò. Lọ́jọ́ náà, òun àti ìyá wọn jókòó nílé, fóònù dún. Kékeré ni, láti ẹ̀gbẹ́ géètì ọ́fíìsì náà.

"Màmá, wọn ò fún mi o."

Ìyá wọn fi àlùmọ́gàjí sílẹ̀.

"Ó dáa," ni ó wí. "Ṣé o ti jẹun?"