Matilda Kọ́ Ló Bí Mi

Dókítà Bọ́dúnrìn, ọkọ ọmọ mi, ẹ jókòó kí n sọ òtítọ́ yìí nígbà tí mo ṣì rántí rẹ̀. Màmá Matilda tí ẹ mọ̀ sí ìyá mi, aládùúgbò wa ni. Ọmọlará ìyàwó yín mọ̀. Èmi ni mo ní bó bá lanu sọ ọ́, kì í ṣe ọmọ mi mọ́.

Lọ́dún 1986 tí ẹbí yín wá láti Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ láti wádìí ìdílé wa, ẹ̀tẹ̀, wárápá àti wèrè ni wọ́n béèrè. Wọn ò béèrè ìgbàgbé. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ ní pálọ̀ wa, pé àwọn òyìnbó rí i pé ìgbàgbé arúgbó a máa tẹ̀ lé ìdílé mìíràn, pé ẹ fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ àwọn àgbà Ìjẹ̀bú kí ẹ mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ náà ni tiwa rí. Ọ̀ṣuntóyìn, ìyá tó bí mi, kò mọ orúkọ mi mọ́ nígbà náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìyá tirẹ̀ ṣe kó tó kú. Mo sáré bẹ Matilda. Ó ní, "Helen, wọn kì í yá ìyá lò o." Mo kúnlẹ̀ títí ó fi gbà. Ẹ ò rí ìwà ọ̀dájú!

Lọ́jọ́ tí ẹ padà wá, mo ti ìyá mi mọ́ yàrá ẹ̀yìn. Ẹ̀jẹ̀ Matilda lẹ ń fà lọ́wọ́ tí ìyá mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ilẹ̀kùn: "Ìyá mi, ẹ ṣílẹ̀kùn fún mi! Mo ti fọ gbogbo abọ́ tán!" Èmi ló ń pè ní ìyá. Bàbá yín béèrè pé, "Ta nìyẹn?" Mo ní, "Arúgbó ayálégbé kan ni, sà. Kò bá wa tan."

Oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà, ó kú sí yàrá yẹn. Ó yẹ kí àna wá bá mi sìnkú, ṣùgbọ́n ìyá tí ẹ mọ̀ ṣì wà láàyè. Mo gbé e lọ sí ìlú Ayépé, mo sin ín bí ayálégbé. N kò sunkún, kí wọ́n má baà bi mí pé kí ló dé.

Láàárọ̀ àná, mo wọlé Matilda, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ káàárọ̀, Ìyá mi." Ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé mo ń ṣeré. N kò ṣeré. Mo gbà lọ́kàn mi pé òun ló bí mi.

Ẹ forí jì mí. Ẹ má tìtorí ẹ̀ṣẹ̀ mi lé Ọmọlará. Ẹ pa orúkọ Matilda rẹ́ nínú ìwé yín, kí ẹ gba ẹ̀jẹ̀ tèmi nítorí àwọn ọmọ yín. Bí mo bá sì ní lọ́la pé n kò sọ ọ̀rọ̀ yìí rí, ẹ má gbà mí gbọ́.