Àgbo Tí Ìyá Ọkọ Mi Ò Fún Ọmọ Mi

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí, inú mi ń dùn gan-an bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Ọmọ mi ti yè! Ó ké láàárọ̀ yìí, gbogbo ilé wa ní Okókómáíkò ló gbọ́, mo jó, mo sì tún jó. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà kan wà ní Ìbà tó ń jìyà ẹ̀ṣẹ̀ mi. Mi ò lè gbé e mì mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi.

Mo ka sẹ́kọ́ńdìrì dé fọ́ọ̀mù fọ́ọ̀. Alákọ̀wé òmùgọ̀! Nígbà tí mo bímọ, ìyá ọkọ mi wá bá wa gbé, kí wọ́n lè bá mi tọ́jú ọmọ. Bí wọ́n bá gbé ìkòkò àgbo kaná, màá yínmú. Bí wọ́n bá ń kọrin fọ́mọ, màá ní ariwo ni. Òpè ni mò ń pè wọ́n nínú ọkàn mi.

Orí ń fọ́ mi, mi ò sì róorun sùn. Mo fi ọmọ sílé, mo lọ bá ọkùnrin kan tó ń ta oògùn òyìnbó ní Ọ̀jọ́. Ó gbé ìgò oògùn oorun kan sílẹ̀, ó ní, "Ìyàwó, ṣé ẹ ò ní ọmọ tó ń mu ọmú? Èyí máa ń bá omi ọyàn dé ọ̀dọ̀ ọmọ o."

Mo wò ó tìkàtẹ̀gbin. Èmi ló fẹ́ kọ́? Mo ní mo ti já ọmọ lẹ́nu ọmú. Irọ́ gbuu! Ọmọ náà ò tíì pé oṣù méjì.

Mò ń mu ún, mò ń sùn. Ọmọ náà ń sùn. Mo wá ń fi àwọn ìyá tọ́mọ wọn ń ké ládùúgbò ṣe yẹ̀yẹ́, mo ní wọn ò mọ ọmọ tọ́.

Ìyá ọkọ mi nìkan lojú wọn là. "Ìyàwó, ọmọ yìí ò fa ọmú mọ́ o. Wò ó bó ṣe rọ̀ jọwọrọ."

Mo ní, "Màmá, ẹ lọ sinmi. Ìwé ni wọ́n fi ń tọ́mọ báyìí."

Lọ́jọ́ kejì, a jí ọmọ títí, kò la ojú. A gbé e sáré dé ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì bèèrè pé, "Kí lẹ fún un?" Gbogbo ojú yí sí mi. Ẹnu mi ní, "Màmá ló fún un lágbo."

Ìyá náà kàn fa aṣọ bo ẹsẹ̀ ọmọ. Ọkọ mi, tí kì í gbóhùn sókè sí ìyá ẹ̀, ní kí wọ́n padà sí Ìbà, kí wọ́n má fọwọ́ kan ọmọ òun mọ́.

Nígbà tí a gbé ọmọ padà délé, mo da oògùn náà sí ṣaláńgá. Díẹ̀díẹ̀, ọmọ ń ta jí. Ọkọ mi ní, "O ò rí i? Àgbo ti ń kúrò lára ẹ̀." Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ wo èmi ẹranko!

Lánàá, ẹlẹ́ja kan tó ti Ìbà bọ̀ yà sílé wa. Ó ní Màmá ní kí òun kàn bèèrè pé, ṣé ó ti ń fa ọmú?

Ẹ̀yin abiyamọ, ohun tẹ́ ẹ bá mu lọmọ ń mu. Ẹ bèèrè, ẹ má purọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé ọkọ mi ni kí n kọ́kọ́ sọ fún, àbí kí n pọn ọmọ lọ sí Ìbà lọ kúnlẹ̀? Ìbínú Màmá kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Mo mọ̀ pé wọ́n máa gba ọmọ lẹ́yìn mi, wọ́n á ní kí n dìde, wọ́n á sì bi mí bóyá mo ti jẹun.