Ọwọ́ Mi Ló Ṣílẹ̀kùn, Kì í Ṣe Ti Àna Mi

Bàbá àwọn ọmọ mi ṣì wà láyé nígbà náà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí a ń pè ní Bàbá Ìjì, nítorí ohùn rẹ̀, ṣì wà pẹ̀lú. Àwọn méjèèjì ti lọ, èmi náà ti ń wo ọ̀nà, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí ó má bá mi wọ sàréè. Kì í ṣe àna mi ló gbé àrùn wọlé. Èmi ni.

Ọdún àjàkálẹ̀ àrùn ni, tí wọ́n ní kí oníkálùkù tìlẹ̀kùn mọ́rí. Àbígbẹ̀yìn mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Òun àti ọmọ wà ní yàrá kan, ọkọ mi tí àyà ti ń dùn ún tipẹ́ wà ní yàrá kejì, èmi wà ní pálọ̀. Ọkọ ọmọ mi, àna mi tí mo wí yìí, awakọ̀ tí ń gbé aláìsàn lọ sílé ìwòsàn, ń sùn nínú ọkọ̀ níta. Ojú fèrèsé ló ti ń wo ọmọ rẹ̀. “Màmá, mo bẹ̀ yín,” ni yóò wí, “ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé. Nítorí Bàbá ni.” Mo ní mo gbọ́.

Ṣùgbọ́n ọmọ mi ń yọ́ lọ lójú mi. Kò jẹun, kò wẹ̀, ó ń wo ọmọ tuntun bí ẹrù tí àlejò gbàgbé sílẹ̀. Ọmú rẹ̀ ń gbẹ. Nọ́ọ̀sì ní kó máa bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù; ó dojú fóònù dé sórí bẹ́ẹ̀dì. Fóònù kì í kúkú gba ọmọ lọ́wọ́ ẹni. Èmi náà sọ̀rọ̀ títí ẹnu fi ń ro mí. “Ẹ ṣeun, Màmá,” kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ta ni yóò jókòó kí ọmọ rẹ̀ máa kú lọ, kó máa ka òfin?

Mo ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, onídìrí tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní títì. Lọ́sàn-án, tí àna mi wà lẹ́nu iṣẹ́, mo ṣí ilẹ̀kùn ilé ìdáná fún un. Ó wo orí ọmọ mi, ó pariwo: “Yéè! Ṣé orí nìyí àbí ìtẹ́ ẹyẹ? Màmá, ẹ wá wò ó, ẹyin wà níbẹ̀!” Ọmọ mi rẹ́rìn-ín. Kí irun tó parí, ọmọ ti wà lẹ́nu ọmú. Ẹ bú mi tó bá wù yín. Bí ọjọ́ yẹn bá padà, n óò tún ilẹ̀kùn náà ṣí.

Onídìrí ń wá bẹ́ẹ̀. Bàbá wọn pè mí látinú yàrá: “Ìyá wọn, ta ló wà níbẹ̀?” Mo ní fóònù ni. Ó ní, “Ṣé fóònù ti ń wọ sílípáàsì báyìí?”

Lọ́sàn-án kan, onídìrí húkọ́. “Ata ni, Màmá.” Ata wo? Aṣọ ọmọ ni mo ń fọ̀, sítóòfù mi tutù. Mo mọ̀. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: mo mọ̀. Mo wo ọmọ mi tó ń bá ọmọ rẹ̀ ṣeré, mo sì tún ṣílẹ̀kùn lọ́jọ́ kejì. Ọwọ́ yẹn náà ni mo fi gbé oúnjẹ fún bàbá wọn.

Kò pẹ́, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́. Ọkọ̀ àna mi ló gbé e lọ.

Lọ́jọ́ tó kú, a dúró níwájú ilé, a jìnnà síra. Bàbá Ìjì nawọ́ sí àna mi: “Ìwọ awakọ̀ yìí! Ìwọ lo gbé ikú wá fún àbúrò mi!” Ọmọ mi yanu láti sọ̀rọ̀, mo fojú bá a wí, ó pa ẹnu dé. Àna mi, tí kò tíì fọwọ́ kan ọmọ tó bí, kúnlẹ̀ sórí kọnkéré. “Ẹ jọ̀ọ́, sà. N kò mọ ibi tí mo ti ṣe àṣìṣe.” Ó bojú wò mí. “Màmá, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n.”

Èmi tí mo mọ̀, mo ní, “Ẹ forí jì í. Ọmọdé ni.”

Ọkọ ọmọ mi, n kò ní í bẹ ẹnikẹ́ni nítorí ilẹ̀kùn. Nítorí gbólóhùn yẹn, “Ẹ forí jì í,” ni mo ṣe ń bẹ̀ ọ́. Láti ọjọ́ tí bàbá wọn ti kú ni o ti wà lórí ìkúnlẹ̀ lójú mi. Dìde.