Ọmọ tó kúnlẹ̀ kí olùkọ́

Nínú bọ́ọ̀sì tó ń ti Rumuola lọ sí Borokiri ni mo ti gbọ́ ọmọbìnrin kan tó ń rojọ́ fún ìyá rẹ̀ lẹ́yìn mi.

“Mọ́mì, mi ò padà sí yunifásítì yẹn mọ́. Mo kúnlẹ̀ kí olùkọ́ wa, ó fò sẹ́yìn: ‘Wetin you do?’ Ó rò pé ẹ̀bẹ̀ ni mo ń bẹ̀. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.”

“Ṣé wọ́n ṣì ń fi ẹ́ ṣẹ̀fẹ̀ ni?”

“Ó ku ọmọ Ikwerre kan. Láràárọ̀ ló ń kúnlẹ̀ fún mi, á ní, ‘Ẹ káàárọ̀ mà.’ Á wá jókòó tì mí.”

“Láràárọ̀? Dìndìnrìn, ọ̀rẹ́ lo ní yẹn!”

Á wá jókòó tì mí. Ní ọdún àkọ́kọ́ tèmi ní yunifásítì, ó pẹ́ kí n tó rí ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀.