Ohùn Àwọn Àgbẹ̀ Otu

Egungun tó há Ṣùkúrù lọ́fun láti ọdún pípẹ́, ọjọ́ náà ni kò lè gbé e mì mọ́. Iwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní Ṣakí ló ti pọ̀ ọ́ jáde.

Ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà kò le: oríṣiríṣi ibi tí kọ̀ǹpútà ń tọ́jú nǹkan sí tí kò fi ní parẹ́ bí iná bá lọ. Ó to háàdì dísìkì, fúláàṣì àti sídì sórí tábìlì, ó ń ṣàlàyé èyí tó ń gba nǹkan púpọ̀, èyí tó yá àti èyí tí kò wọ́n. Ara rẹ̀ kò balẹ̀. Ó ń lọ síwá sẹ́yìn bí ẹni tí èèrà wọ̀ láṣọ. Ni Ramlah, akẹ́kọ̀ọ́ kan, bá nawọ́: "Sà, báwo ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ṣe ń bàjẹ́?"

Òógùn bo Ṣùkúrù. "Mo mọ̀ ọ́n dáadáa," ni ó wí. "Èmi ni mo ba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ mọ́ ẹnìkan lọ́wọ́."

Ó ní ilé-ẹ̀kọ́ yìí kan náà ni òun àti Sodiqat, ọmọ Otu, ti jọ kẹ́kọ̀ọ́. Ohùn àwọn àgbẹ̀ àgbà tó ń dárúkọ iṣu ayé àtijọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan ni ọmọbìnrin náà gbà sílẹ̀ fún iṣẹ́ àṣejáde rẹ̀. Gbogbo olùkọ́ ń yìn ín. Ẹni tó bá sì gbégbá orókè ni ilé-ẹ̀kọ́ fẹ́ gbà síṣẹ́ olùkọ́.

"Àwo tó ń yí ló wà nínú háàdì dísìkì. Ibi tí ti Sodiqat ti ń yí lọ́wọ́ ni mo ti fi ìgbọ̀nwọ́ tì í ṣubú, ó sì bàjẹ́. Mo ní n ò mọ̀ọ́mọ̀. Òun ló tún ń pẹ̀tù sí mi nínú, ó ní fúláàṣì wà. Fúláàṣì kò ní ohun tó ń yí, ìṣubú kì í ṣe é ní nǹkan. Mo ní kó mú un wá kí n bá a dà á sórí ẹ̀rọ tèmi. Mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, mo da fíìmù lé e lórí kó má ṣeé fà yọ mọ́. Mo ní fáírọ́ọ̀sì ni."

Ó fẹ́ dákẹ́ síbẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó burú jù ṣì kù.

"Ó wá ku sídì kan ṣoṣo. Ẹkún ló ń sun nígbà tó gbé e fún mi. Ó ní, 'Ṣùkúrù, ìwọ ni mo gbẹ́kẹ̀ lé. Bàbá mi tí wọ́n ṣaláìsí lóṣù tó kọjá, ohùn wọn wà nínú ẹ̀.' Ìmọ́lẹ̀ ni ẹ̀rọ fi ń ka sídì. Bí ojú rẹ̀ bá ti ha, ó parí. Mo yà sẹ́yìn ilé, mo fi ìṣó ha á. Èmi ìkà! Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di olùkọ́ yín."

Ṣùkúrù kò dúró. Ó wọkọ̀, ó di Otu.

Ó bá Sodiqat níbi tó ti ń pa ẹ̀pà lójúde. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku, ó sì ka gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. "Nítorí Ọlọ́hun, dárí jì mí. Màá fi iṣẹ́ náà sílẹ̀."

Sodiqat gbọn èèpo ẹ̀pà nù lára ìró rẹ̀.

"Ta ló ń sọ̀rọ̀ iṣẹ́? Ṣùkúrù, kí ló dé tó ò kúkú jí sídì náà? Ká ní o jí i ni, ohùn bàbá mi ì bá ṣì wà níbì kan."

Ó gbé igbá ẹ̀pà rẹ̀ wọlé. Kò sọ pé kó dìde.