Aṣọ Mẹ́fà Ni Mo Wọ̀ Dé Kánádà

Ẹ bá mi hó ìhó ayọ̀ sí Olúwa! Ẹ tún un hó, ẹ̀yin tí ẹ jókòó sẹ́yìn, mo rí yín. Ògo ni fún Ẹni tó mú mi lọ tó sì mú mi bọ̀!

Gbogbo yín lẹ mọ̀ mí. Èmi Ìyá Bùkọ́lá ni, èmi tí mò ń ta ṣájà fóònù ní Computer Village. Ẹ mọ̀ pé ẹnu mi kì í sinmi. Lónìí, ọpẹ́ ló kún inú rẹ̀.

Kánádà ni Bùkọ́lá, ọmọ mi kan ṣoṣo, wà. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbẹ̀bí rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ṣì wà nílé-iṣẹ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìlúpéjú níbí, wọn ò tíì fún un ní físà. Èmi ni wọ́n fún. Ọmọ yìí pè mí, ó ń sunkún. Ó ní, “Màámi, mi ò lè bẹ̀rẹ̀ gbé ọmọ. Ọ̀rẹ́ mi tó ń tọ́jú mi ń padà síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé.” Mo ní kó nu omijé nù, pé mo máa dé kí ọjọ́ Ajé yẹn tó ṣú.

Kí ni mo wá ṣe? Tíkẹ́ẹ̀tì tó pọ́ọ́kú jù lọ ni mo rà. Obìnrin tó tà á fún mi ní Ọ̀pẹ̀bí ń ṣàlàyé pé àpò kékeré kan ṣoṣo ni tíkẹ́ẹ̀tì yẹn gbà, èmi ń sọ pé ó ṣeun, ó ṣeun. Ọkàn mi ti dé Kánádà. Etí mi ló ṣì wà nílé ní Agége.

Ní pápá ọkọ̀ òfurufú Ìkẹjà, ọmọbìnrin tó ń wọn ẹrù ní àpò mi ti wúwo jù, kí n sanwó sí i tàbí kí n yọ nǹkan kúrò. Ẹ̀yin èèyàn mi, ìró ló wà nínú rẹ̀. Ìró mẹ́rin tí mo fi pọn Bùkọ́lá láti ìkókó, àti ọ̀já rẹ̀. Ṣé èyí ni mo máa jù sílẹ̀? Mo bi í pé ṣé wọ́n máa ń wọn èèyàn náà. Ó ní rárá. Mo ní ó dáa. Mo wọ tọ́ílẹ́ẹ̀tì lọ.

Aṣọ funfun àdúrà tí Ìyá Ìjọ ní n ò gbọ́dọ̀ bọ́ títí n ó fi débẹ̀ ti wà nísàlẹ̀. Bùbá wà lórí rẹ̀. Mo wá ró ìró mẹ́rẹ̀ẹ̀rin léra wọn, mo fi ọ̀já gbà á. Nígbà tí mo jáde, àpò ti fúyẹ́, èmi ni mo wúwo. Ọmọbìnrin yẹn wò mí, mo wò ó, ó di ẹ̀rín mọ́nú.

Ẹ wá wo ọkọ̀! Orúnkún mi kan ìjókòó iwájú. Omi mímu, títà ni. Èmi tí mò ń tajà láti àárọ̀ dalẹ́, wọ́n wá ń ta omi fún mi lójú sánmà. Mo ní kí wọ́n máa gbé e lọ. A pààrọ̀ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo ti gbọ́ pé wọ́n máa ń tún ẹrù wọ̀n níbẹ̀, torí náà n ò bọ́ ẹyọ kan. Odidi ọjọ́ kan àti ààbọ̀, mò ń sè nínú aṣọ bíi mọ́ínmọ́ín inú ewé.

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé la balẹ̀. Ojú mi ti pọ́n, òyì ń kọ́ mi. Ọkùnrin aṣọ́bodè na nǹkan kan sí iwájú orí mi, nǹkan náà bá ké. Ọkùnrin náà fà sẹ́yìn, ó bo ẹnu. Wọ́n mú mi lọ sí yàrá kan, ọkùnrin náà ní ara mi gbóná jù, pé tí nọ́ọ̀sì bá fi rí i pé àrùn tó ń ràn ni, wọ́n máa dá mi padà sí Èkó. Gẹ̀ẹ́sì ọjà ni Gẹ̀ẹ́sì mi, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ pé n ó padà, mo gbọ́ ọ ketekete.

Mo kúnlẹ̀. Mo ní Olúwa, n ò bá Ọ jà o, ṣùgbọ́n n ò padà. Ọ̀rẹ́ Bùkọ́lá ti ń wọ bàtà iṣẹ́ báyìí.

Nọ́ọ̀sì dé, ìyá olórí ewú kan. Ó fọwọ́ kan apá mi, ó wo ìdí mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka etí ìró. Ó ní aṣọ mélòó nìyí. Mo fi ìka mẹ́fà hàn án. Ìyá yẹn jókòó.

Ó ní kí n bọ́ wọn. Mo bi í bóyá òṣùwọ̀n wà níbẹ̀. Ó ní kò sí. Mo bá ń bọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan aṣọ funfun, mo dì í mú, mo ní èyí ò kúrò, mo ti ṣèlérí. Ó ní kò burú. Ó fún mi lómi, mo bi í pé èló ni. Ó ní ọ̀fẹ́ ni. Ife mẹ́ta ni mo mu! Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó tún na nǹkan yẹn sí mi. Kò ké mọ́. Ẹ bá mi yin Olúwa!

Ó wá ku ọkùnrin aṣọ́bodè. Ó wo òkìtì ìró nílẹ̀, ó ní ṣé ọjà ni mo wá tà ni. Ẹnu mi tẹ́ ẹ mọ̀ yìí, kò mọ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pe ọmọ pípọ̀n. Mo bá gbé ìrọ̀rí orí bẹ́ẹ̀dì, mo bẹ̀rẹ̀, mo pọ̀n ọ́n, mo ró ìró lé e, mo fi ọ̀já gbà á, mo nàró. Mo fi ọwọ́ mi méjèèjì tó ṣófo hàn án. Mo ní, “Ọmọ mi, wọ́n là á nínú. Kò lè gbé ọmọ. Èmi ni mo máa gbé e, báyìí.” Nọ́ọ̀sì fa ọ̀já wò, ó ní ṣé kò ní já bọ́. Mo fò sókè lẹ́ẹ̀mẹta. Ìrọ̀rí ò mì.

Ọkùnrin yẹn ò rẹ́rìn-ín o. Ó kàn lu ìwé mi lóǹtẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ọmọ wà lẹ́yìn mi, ọbẹ̀ wà lórí iná, Bùkọ́lá sì ń sùn. Ó ní òun ò tíì sùn bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti là á.

Ìwọ tí wọ́n sọ fún pé kó o padà, ní ilé ìwòsàn ni o, ní ọ́fíìsì ni o, má tíì yí ẹ̀yìn padà. Kúnlẹ̀ ná. Lẹ́yìn náà, dìde, kó o fi ohun tó o wá ṣe hàn wọ́n.

Mo dúpẹ́, mo tún dúpẹ́, Olúwa mi. Aṣọ mẹ́fà ni mo wọ̀ lọ, méjì ni mo wọ̀ bọ̀. Ìró mẹ́rin wà lọ́dọ̀ Bùkọ́lá. Ọmọ tó wà nínú wọn ti wúwo ju àpò mi lọ, kò sì sẹ́ni tó ní ká yọ nǹkan kan kúrò lára rẹ̀.